Ohun ìrántí eré ìdárayá ní ọjà gbàǹjo

Ohun ìrántí eré ìdárayá ni ohunkóhun tí ó ti ọwọ́ eléré ìdárayá tàbí ìdíje olókìkí kan jáde, tí àwọn ènìyàn sì ń tọ́jú nítorí ìtàn tí ó rọ̀ mọ́ ọn: ife-ẹ̀yẹ, mẹ́dàlì, ìgbànú àwọn akànṣẹ́, jẹ́sì tí agbábọ́ọ̀lù wọ̀ sára, bàtà, ìwé ètò ìdíje, tíkẹ́ẹ̀tì, àti àwòrán tí a fọwọ́ sí. Ọ̀nà tí ó lókìkí jù tí àwọn nǹkan wọ̀nyí fi ń kúrò lọ́wọ́ ẹnìkan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn ni gbàǹjo, níbi tí àwọn olùrà ti ń fi owó lé owó títí tí yóò fi ku ẹnìkan ṣoṣo. Lọ́ńdọ̀nù àti àwọn ìlú Amẹ́ríkà bíi New York àti Dallas ni ọjà náà ti gbilẹ̀ jù. Ní Nàìjíríà àti ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lápapọ̀, ìtàn tí ó yẹ kí irú ohun bẹ́ẹ̀ rọ̀ mọ́ pọ̀, ṣùgbọ́n ọjà rẹ̀ kò tíì fìdí múlẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wà nínú àpótí ẹbí, nínú ọ́fíìsì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, tàbí lórí pẹpẹ nínú yàrá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́.

Lẹ́nu àwọn oníṣòwò ojú títì, gbàǹjo ni ọjà tí ẹni tí ó ni ín fẹ́ kó kúrò nílẹ̀ kíákíá, tí ó sì ń tà á ní ọ̀pọ̀. Ìtumọ̀ yẹn lè ṣi ènìyàn lọ́nà níhìn-ín. Nínú gbàǹjo tí àpilẹ̀kọ yìí ń sọ, iye owó kì í lọ sílẹ̀. Òkè ni ó ń lọ.

Ẹni tí ó ni mẹ́dàlì, ẹni tí ó ni ife

Kí ohun kan tó dé iwájú onígbàǹjo, ẹni tí ó gbé e wá gbọ́dọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti tà á. Ní ti mẹ́dàlì, ọ̀rọ̀ náà kò le: ẹni tí ó gba mẹ́dàlì ni ó ni ín, ó sì lè tà á tàbí kí ó fi í sílẹ̀ bí ogún fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ọ̀kan nínú mẹ́dàlì wúrà mẹ́rin tí Jesse Owens gbà ní Berlin ní ọdún 1936 ni wọ́n tà ní gbàǹjo ní Oṣù Kejìlá ọdún 2013 ní iye tí ó lé ní 1,400,000 dọ́là. Ní ọdún 2012, Wladimir Klitschko, akànṣẹ́ ọmọ Ukraine, ta mẹ́dàlì wúrà tí ó gbà ní Atlanta ní ọdún 1996 ní mílíọ̀nù kan dọ́là láti fi owó rẹ̀ ran àwọn ọmọdé lọ́wọ́. Ẹni tí ó rà á sanwó tán, ó sì dá mẹ́dàlì padà fún un.

Mẹ́dàlì Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbà ni mẹ́dàlì idẹ tí Nojim Maiyegun, ọmọ Èkó, gbà nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ní Tokyo ní ọdún 1964. Maiyegun lọ tẹ̀dó sí Vienna ní orílẹ̀-èdè Austria, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọdún 2024. Ìtàn mẹ́dàlì eré sísá 4 × 400 mítà ti Sydney, ní ọdún 2000, lọ́jú pọ̀ ju ìyẹn lọ. Fàdákà ni àwọn ọmọ Nàìjíríà gbà lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn tí Antonio Pettigrew, ọ̀kan nínú àwọn ará Amẹ́ríkà tí ó gba wúrà, jẹ́wọ́ pé òun lo oògùn tí a kà léèwọ̀, wọ́n gba wúrà náà kúrò lọ́wọ́ Amẹ́ríkà ní ọdún 2008. Síbẹ̀, ó di Oṣù Keje ọdún 2012 kí Ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì Àgbáyé tó fi í fún Nàìjíríà. Sunday Bada, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tí ó sá àṣekágbá náà, ti kú ní Oṣù Kejìlá ọdún 2011. Bí mẹ́dàlì láti inú eré yẹn bá dé ọjà lọ́jọ́ kan, olùrà yóò béèrè pé èwo ni, fàdákà ti ọdún 2000 tàbí wúrà tí ó dé lẹ́yìn ọdún méjìlá, àti pé ta ni wọ́n fi lé lọ́wọ́. Ìwé nìkan ni ó lè dáhùn.

Ife-ẹ̀yẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Àjọ tí ó ṣètò ìdíje ni ó sábà máa ń ni ife; ẹgbẹ́ tí ó borí kàn jẹ́ alágbàtọ́ rẹ̀ títí di ìdíje tí ó tẹ̀ lé e. Ohun tí ó máa ń yí èyí padà ni òfin ẹ̀ẹ̀mẹta, èyí tí ó sọ pé ẹni tí ó bá gba ife kan náà lẹ́ẹ̀mẹta yóò mú un lọ pátápátá. Òfin yìí ni ó fi Ife Jules Rimet lé Brazil lọ́wọ́ ní ọdún 1970. Ní Áfíríkà, òun ni ó pín àwọn ife àtijọ́ káàkiri.

Àwọn ife Áfíríkà tí kò padà mọ́

Ife àkọ́kọ́ tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ń du ń jẹ́ orúkọ Abdelaziz Abdallah Salem, ọmọ Íjíbítì tí ó jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́ fún Àjọ Bọ́ọ̀lù Áfíríkà. Ghana gbà á ní ọdún 1963, 1965 àti 1978, ó sì di tiwọn. Láàárín àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, Hafia ti Conakry gba Ife Kwame Nkrumah ní ọdún 1972, 1975 àti 1977, òun náà sì mú un lọ.

Lẹ́yìn ti Ghana, wọ́n gbé ife tuntun jáde, Ife Ìṣọ̀kan Áfíríkà, tí wọ́n kọ́kọ́ du ní ọdún 1980. Ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè ní Èkó, ní ọjọ́ 22 Oṣù Kẹta ọdún náà, Nàìjíríà na Algeria ní góòlù mẹ́ta sí òdo. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Muda Lawal gbá ìkẹta, Christian Chukwu tí í ṣe olórí ikọ̀ sì gba ife náà. Ó tún bọ́ sọ́wọ́ Nàìjíríà ní Tunis ní ọdún 1994, nígbà tí Emmanuel Amuneke gbá góòlù méjì wọlé sí ilé Zambia, tí Stephen Keshi sì gbé ife sókè. Cameroon gbà á ní ọdún 1984 àti 1988, Íjíbítì sì gbà á ní ọdún 1986 àti 1998.

Nítorí náà, nígbà tí ìdíje ọdún 2000 bẹ̀rẹ̀ ní Ghana àti Nàìjíríà, orílẹ̀-èdè mẹ́ta ni ó ti gba ife yìí lẹ́ẹ̀mejì-méjì. Íjíbítì já kúrò lọ́nà. Ní ọjọ́ 13 Oṣù Kejì, Nàìjíríà àti Cameroon pàdé nínú àṣekágbá ní Sùúrùlérè, lórí pápá kan náà tí Chukwu ti gba ife ní ogún ọdún sẹ́yìn. Kì í ṣe ipò akọni ọdún yẹn nìkan ni wọ́n ń du. Wọ́n ń du ife fúnra rẹ̀, títí láé. Cameroon kọ́kọ́ gbá góòlù méjì wọlé, Nàìjíríà dá méjèèjì padà, ọ̀rọ̀ sì di ti pẹnáritì. Bọ́ọ̀lù tí Victor Ikpeba gbá lu igi òkè, ó sì bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìlà gẹ́gẹ́ bí àwòrán tẹlifíṣọ̀n ṣe fi hàn, ṣùgbọ́n adarí eré kò kà á sí góòlù. Cameroon borí ní 4 sí 3. Ìtàn bọ́ọ̀lù sábà máa ń rántí ìpinnu adarí eré yẹn nítorí àìṣòdodo tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wo ọ̀rọ̀ náà lójú olùkójọ yóò fi ọ̀kan kún un: bọ́ọ̀lù tí ó bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìlà góòlù ni ó pinnu pé Cameroon ni ife tí Chukwu àti Keshi gbé sókè yóò máa gbé.

Ife kan tún wà tí ilẹ̀ Yorùbá ni ó ti jáde lọ. Nígbà tí Àjọ Bọ́ọ̀lù Áfíríkà dá ìdíje Ife CAF sílẹ̀ ní ọdún 1992, Olóyè Moshood Abíọ́lá, ọmọ Abẹ́òkúta, ni ó fi ife náà ta wọ́n lọ́rẹ, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì ń fi pè é. Shooting Stars ti Ìbàdàn ni ó kọ́kọ́ gbà á, lẹ́yìn tí wọ́n borí Nakivubo Villa ti Uganda. Bendel Insurance gbà á ní ọdún 1994. JS Kabylie ti Algeria wá gbà á ní ọdún 2000, 2001 àti 2002 léraléra, ó sì di tiwọn. Ìdíje náà parí ní ọdún 2003. Ife tí ó ń jẹ́ orúkọ ọmọ Abẹ́òkúta ti di ti ẹgbẹ́ kan ní ìlú Tizi Ouzou.

Ìbàdàn 1963, àti ìrìn-àjò ọdún 1949

Dick Tiger, tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Richard Ihetu, gba ipò akànṣẹ́ tí ó borí àgbáyé lọ́wọ́ Gene Fullmer ní San Francisco ní Oṣù Kẹwàá ọdún 1962. Ìjà kejì wọn parí ní ọ̀mì. Wọ́n wá gbé ẹ̀kẹta wá sí pápá ìṣeré Liberty ní Ìbàdàn, èyí tí a ń pè ní Pápá Ìṣeré Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ báyìí. Ní ọjọ́ 10 Oṣù Kẹjọ ọdún 1963, Tiger na Fullmer débi pé Fullmer kò lè jáde fún ìpele kẹjọ. Òun ni ìjà àkọ́kọ́ fún ipò akànṣẹ́ àgbáyé ní ilẹ̀ Áfíríkà àwọn ènìyàn dúdú. Ìwé ìpolówó, ìwé ètò àti tíkẹ́ẹ̀tì irú ìjà bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí àwọn olùkójọ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ń wá, nítorí pé bébà lásán ni wọ́n, àwọn ènìyàn sì jù wọ́n nù lẹ́yìn ìjà. Tiger fúnra rẹ̀ fi hàn pé ohun ìrántí lè ní ìlò mìíràn yàtọ̀ sí títà: ní ọdún 1969, ó dá oyè MBE rẹ̀ padà fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì láti fi ṣe àtakò sí ipa wọn nínú ogun Biafra.

Ọdún mẹ́rìnlá ṣáájú ìjà Ìbàdàn, ní Oṣù Kẹjọ ọdún 1949, ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà wọ ọkọ̀ ojú omi dé Liverpool. Etim Henshaw ni olórí wọn, Tẹ̀sílímì Balógun, tí wọ́n ń pè ní Thunder, sì wà láàárín wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò wọ bàtà. Aṣọ ni wọ́n fi wé ọrùn ẹsẹ̀. Wọ́n na Marine Crosby ní 5 sí 2 nínú ìdíje àkọ́kọ́. Lọ́nà ilé, wọ́n yà sí Freetown, wọ́n sì na Sierra Leone ní 2 sí 0 ní ọjọ́ 8 Oṣù Kẹwàá. Balógun padà sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn náà, ó sì gbá bọ́ọ̀lù fún Queens Park Rangers. Àwọn ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń kó ìwé ètò bọ́ọ̀lù jọ láti ìgbà pípẹ́, nítorí náà ibẹ̀ ni ìwé ètò ìrìn-àjò yìí ti rọrùn jù láti rí. Ẹni tí ó bá ń wá bébà ìtàn bọ́ọ̀lù Nàìjíríà sábà gbọ́dọ̀ wá a ní ìlú àwọn tí Nàìjíríà lọ bá ṣeré.

Iye owó

Ìgbànú tí ó jẹ mọ́ ilẹ̀ Áfíríkà tí ó sì mú owó jù wá ni ìgbànú WBC tí Muhammad Ali gbà lọ́wọ́ George Foreman ní Kinshasa ní ọjọ́ 30 Oṣù Kẹwàá ọdún 1974. Ilé gbàǹjo Heritage ti Dallas tà á ní Oṣù Keje ọdún 2022 ní 6,180,000 dọ́là. Jim Irsay, tí ó ni ẹgbẹ́ Indianapolis Colts nígbà náà, ni ó rà á. Ní oṣù méjì ṣáájú, jẹ́sì tí Diego Maradona wọ̀ nígbà tí ó fi ọwọ́ gbá góòlù wọlé sí ilé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1986 mú pọ́n-ùn tí ó lé ní mílíọ̀nù méje wá ní Sotheby's. Ìwé àfọwọ́kọ tí Pierre de Coubertin fi dá ìdíje Òlíńpíìkì ìgbàlódé lábàá ní ọdún 1892 lọ ní 8,800,000 dọ́là ní Oṣù Kejìlá ọdún 2019. Ẹ̀wù Babe Ruth ti ọdún 1932 ju gbogbo wọn lọ: ó lé ní mílíọ̀nù 24 dọ́là ní ọdún 2024.

Ní ti ife, àpẹẹrẹ tí ó ṣe kedere jù ni Ife FA ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n lò láti ọdún 1896 sí 1910. David Gold rà á ní Christie's ní ọdún 2005 ní 478,400 pọ́n-ùn. Nígbà tí ó tún dé gbàǹjo ní Bonhams ní ọdún 2020, ó di 760,000 pọ́n-ùn. Sheikh Mansour, tí ó ni Manchester City, ni ó rà á, ó sì yá ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé bọ́ọ̀lù ní Manchester kí gbogbo ènìyàn lè máa wò ó.

Bí gbàǹjo ṣe ń lọ

Ilé gbàǹjo kì í sábà ra ọjà fúnra rẹ̀. Alágbàtà ni láàárín olùtà àti olùrà. Yóò yẹ ohun náà wò, yóò díwọ̀n iye tí ó lè mú wá, yóò sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ọjà pẹ̀lú àwòrán àti ìtàn rẹ̀. Olùtà lè bá wọn fẹnu kò ní ìkọ̀kọ̀ sí iye tí ọjà kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ jù. Bí owó kò bá tó iye yẹn, ọjà yóò padà sílé. Ẹni tí kò lè wá fúnra rẹ̀ lè dá owó lórí fóònù, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí kí ó kọ iye tí ó lè san jù sílẹ̀ ṣáájú.

Iye tí òòlù lù mọ́ kọ́ ni olùrà yóò san. Ilé gbàǹjo máa ń fi owó tirẹ̀ kún un, èyí tí ó sábà ju ìdá 20 nínú 100 lọ ní àwọn ilé ńlá. Bí òòlù bá lu 1,000 pọ́n-ùn mọ́ ìwé ètò kan, tí owó ilé gbàǹjo sì jẹ́ ìdá 25 nínú 100, olùrà yóò san 1,250, kí ó tó kan owó orí. Ẹni tí ó bá ń rà á láti Okitipupa yóò tún wá pọ́n-ùn tàbí dọ́là, yóò san owó ìfiránṣẹ́, owó adójútòfò, àti ti àwọn asọ́bodè. Ọ̀pọ̀ olùbẹ̀rẹ̀ kì í ka àwọn owó kéékèèké wọ̀nyí mọ́ ìṣirò wọn, wọ́n sì lè ju owó ọjà náà gan-an lọ.

Ẹ̀rí àti ayédèrú

Ohun tí ó ń sọ aṣọ àtijọ́ di ohun iyebíye ni ẹ̀rí pé òun gan-an ni. Ẹ̀rí náà lè jẹ́ lẹ́tà láti ọwọ́ eléré ìdárayá, ìwé rírà, tàbí àkọsílẹ̀ gbogbo ọwọ́ tí ohun náà ti kọjá. Fún jẹ́sì, àwọn ògbógi máa ń fi í wé àwòrán ọjọ́ ìdíje: ibi tí òwú ti tú, bí nọ́ńbà ṣe tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, àbàwọ́n. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ta jẹ́sì Maradona, àwọn kan nínú ẹbí rẹ̀ sọ pé ti ìdajì àkọ́kọ́ eré ni, kì í ṣe èyí tí ó wọ̀ nígbà góòlù. Fífi í wé àwòrán ni Sotheby's fi dáhùn.

Olè pẹ̀lú kò gbẹ́yìn. Wọ́n jí Ife FA àkọ́kọ́ nínú fèrèsé ilé ìtajà kan ní Birmingham ní ọdún 1895, wọn kò sì rí i mọ́. Wọ́n jí Ife Jules Rimet ní Lọ́ńdọ̀nù ní Oṣù Kẹta ọdún 1966, ajá kan tí ń jẹ́ Pickles sì rí i lábẹ́ ọgbà. Wọ́n tún jí i ní Rio de Janeiro ní ọdún 1983, ìyẹn sì ni òpin rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀dà kan dé Sotheby's ní ọdún 1997, FIFA san 254,500 pọ́n-ùn lórí rẹ̀. Ní Cairo, àwọn jàǹdùkú sun ilé Àjọ Bọ́ọ̀lù Íjíbítì ní ọdún 2013. Ní ọdún 2020, àjọ náà kéde pé àwọn ife kan, tí ife àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà wà lára wọn, ti di àwátì.

Òfin Nàìjíríà

Òfin tí ó dá Àjọ Àpapọ̀ fún Ilé-Ìṣẹ̀ǹbáyé àti Ohun Ìrántí sílẹ̀ ní ọdún 1979 kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti kó ohun àtijọ́ jáde kúrò ní Nàìjíríà láìgbàṣẹ. Ṣùgbọ́n bí òfin náà ṣe túmọ̀ ohun àtijọ́, nínú àwọn iṣẹ́ ọnà àti iṣẹ́ ọwọ́, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìbílẹ̀, kí wọ́n sì ti ṣe é ṣáájú ọdún 1918, tàbí kí ó jẹ́ ohun tí a ti lò nínú ayẹyẹ ìbílẹ̀. Ère, opó ilé, ìlù àti aṣọ oyè wà nínú rẹ̀. Ìwé ètò ọdún 1949, ìgbànú ọdún 1963 àti mẹ́dàlì ọdún 1964 kò bọ́ sínú ìtumọ̀ yẹn. Ohun tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ nínú ìtàn eré ìdárayá orílẹ̀-èdè lè tipa bẹ́ẹ̀ gba pápákọ̀ òfurufú jáde bí aṣọ lásán.

Ife ilé-ẹ̀kọ́ àti agbègbè Okitipupa

Ife tí ó pọ̀ jù ní ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe ti àwọn agbábọ́ọ̀lù olókìkí bí kò ṣe ti ilé-ẹ̀kọ́. Láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọkùnrin ilé-ẹ̀kọ́ girama ń sáré du Ife Grier, àwọn ọmọbìnrin sì ń du Ife Lady Manuwa. Orúkọ kejì yìí kan agbègbè Okitipupa gbọ̀ngbọ̀n: Sir Samuel Manuwa, oníṣẹ́ abẹ tí ó di olùdámọ̀ràn àgbà ìjọba lórí ìlera, jẹ́ ọmọ ìdílé Manuwa ti Ìtẹ̀bú-Manuwa, ní Ẹ̀ka Okitipupa ti ìgbà náà, èyí tí Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ jọ wà nínú rẹ̀.

Ní àwọn ìlú Ìkálẹ̀ bíi Okitipupa, Igbótako, Ìlútitun àti Òde-Ìrèlè, bí ó ti rí níbi gbogbo ní ilẹ̀ Yorùbá, ife ilé-ẹ̀kọ́ kì í sábà ní ìwé kankan yàtọ̀ sí ohun tí a fín sí ara rẹ̀: orúkọ ìdíje, ọdún, àti ẹni tí ó borí. Lẹ́tà wọ̀nyí ni gbogbo ẹ̀rí rẹ̀. Èyí ni ó fi jẹ́ pé dídán ife lójoojúmọ́ léwu: ọ̀pọ̀ ife kì í ṣe fàdákà gidi, fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bo idẹ, ohun ìdán sì ń jẹ fàdákà àti lẹ́tà pọ̀. Aṣọ rírọ̀ tí ó gbẹ sàn jù. Ojú ọjọ́ agbègbè náà, pẹ̀lú òjò púpọ̀ àti ọ̀rinrin, tún ń mú kí fàdákà dúdú kíákíá, ikán sì ń wá bébà. Ó yẹ kí a ya àwòrán gbogbo ẹ̀gbẹ́ ife, kí a da ohun tí a fín sí i kọ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ tí a kọ ọ́, kí a sì fi ẹ̀dà ìwé náà pamọ́ sí ilé mìíràn. Jẹ́sì ni ó le jù láti tọ́jú. Bí ó bá ṣì ní ẹrẹ̀ tàbí òógùn ọjọ́ ìdíje lára, a kì í fọ̀ ọ́, nítorí àbàwọ́n yẹn lè wà nínú àwòrán kan níbì kan. Inú bébà tí kò ní ásíìdì ni a ń tẹ́ ẹ sí, ní ibi tí atẹ́gùn ń dé, tí oòrùn kò sì dé.